Ẹ̀rọ Panápaná tó ń Di Ilẹ̀kùn Màámi Mú

Wọ́n gbé ẹ̀rọ panápaná màámi lọ lónìí, díẹ̀ ló kù kí n sunkún!

Láti kékeré mi ni ẹ̀rọ pupa yẹn ti ń di ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ màámi mú ní Ẹgbẹ́dá. Ọrùn ẹ̀ ni mo máa ń fi báàgì iléèwé mi kọ́.

Ọkùnrin tó wá yẹ̀ ẹ́ wò tẹ̀ ẹ́ títí, nǹkan kan ò jáde.

"Màmá, ó ti kú tipẹ́. Ọdọọdún ló yẹ ká máa yẹ̀ ẹ́ wò."

Màámi ní, "Ó kú kẹ̀? Òun kọ́ ló ń di ilẹ̀kùn mú fún mi ni?"

Mo ra tuntun, ọkùnrin náà gbé e kọ́ ògiri, ó sì gbé ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tọ́ jàre, aṣọ ló kún ibẹ̀.

Bí atẹ́gùn ṣe fẹ́ báyìí, ilẹ̀kùn pa dé gbàmù! Èmi àti màámi jọ bojú wo ilẹ̀, ibi tí ẹ̀rọ ti tẹ́lẹ̀ máa ń wà.

Kí ló ń di ilẹ̀kùn mú ní ṣọ́ọ̀bù ìyá tiyín?