Ọjọ́ Tí Òkú Fọhùn Lórí Ìtàgé

Baba Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó sórí àpótí ọṣẹ lẹ́yìn aṣọ ìtàgé, tó ń sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sétí òṣèré tó bá gbàgbé ohun tó yẹ kó sọ. Ìwé eré á wà lórí orúnkún rẹ̀, ìka rẹ̀ á wà lórí ìlà. Kò mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó mọ̀, kì í ṣì í kà.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ ló máa ń ṣe ọba. Ohùn rẹ̀ dà bí ààrá, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ dà bí ajere: ohun tí ẹ bá dà sí i láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti jò tán. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ti ẹ̀yìn aṣọ wá ló máa ń kígbe jáde. Nígbà kan tí bàbá ráhùn pé, "Ẹsẹ̀ ń ro mí," ọba dìde lórí ìtẹ́, ó bú ramúramù pé, "Ẹsẹ̀ ń ro mí!" Àwọn ìjòyè dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní pẹ̀lẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gbọ̀ngàn ìṣeré kún. Wọ́n ń ṣe ìrántí ọmọkùnrin kan tó ti bá wọn ṣeré rí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ló mú un lọ. Òun ló máa ń ṣe òkú nínú eré. Òkú-Ń-Sín ni wọ́n ń pè é, nítorí eruku pátákó ìtàgé kì í jẹ́ kó kú dáadáa.

Lọ́jọ́ yìí, orúkọ náà ò ṣeé pè. Ẹni tó bá fẹ́ pè é á lanu, á wo ìyá ọmọ náà lórí àga iwájú, á panu dé. Aránṣọ ẹgbẹ́ pè é ní "ẹni tó máa ń dùbúlẹ̀ yẹn." Ìyẹn gan-an ò dára.

Bàbá wà lẹ́yìn aṣọ, lórí àpótí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ jókòó síbẹ̀.

Ọ̀gá bọ́ síwájú. Ó ní òun fẹ́ pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ẹ rántí ọjọ́ tí òkú fọhùn? Mo dúró lórí òkú ọmọ mi, mò ń sunkún, ọ̀rọ̀ bá wọ́n. Òkú bá dijú, ó pariwo láti ilẹ̀ pé, 'Ta ni yóò jókòó sórí ìtẹ́ mi báyìí?' Yéè! Ẹnì kan fi ẹ̀rín fọ́ àga! Ọmọ yẹn ò lè panu mọ́. Òun la ṣe ní kó máa lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, ẹ lé e ni? Ó sọ fún mi pé òun fúnra òun lòun fiṣẹ́ sílẹ̀. Ṣé ọmọ mi ba eré yín jẹ́ ni?"

Ọ̀gá wú ikọ́ gbígbẹ. Ó yí etí sí ẹ̀yìn aṣọ, bó ṣe máa ń ṣe.

Bàbá mọ èsì. Oorun ló gbé e lọ lọ́jọ́ náà, ìwé sì bọ́ lórúnkún rẹ̀. Ìtòsí rẹ̀ ni òkú dùbúlẹ̀ sí, ó gbọ́ ìhanrun. Nígbà tí wọ́n ń lé ọmọ náà, ó ṣẹ́jú sí bàbá, kò tú àṣírí rẹ̀. Ó lọ ń ti ibùsùn aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá pàdé, á ní, "Bàbá, àwọn ẹlòmíì ló ń dùbúlẹ̀ báyìí o, èmi ló dúró." Ọdún méjì ni bàbá fi ń sọ pé lọ́la lòun máa jẹ́wọ́. Ta ni yóò sì fi àpótí sílẹ̀ fún ẹni tó ń sùn lórí rẹ̀?

Ó gbé ẹnu sún mọ́ aṣọ.

"Ọmọ yìí ò jẹ̀bi."

"Ọmọ yìí ò jẹ̀bi!" Ọ̀gá bú ramúramù.

"Mo sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́."

"Mo sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́!"

"Ọ̀gá!" Aránṣọ fò dìde. "Lórí ìdúró?"

"Ìhanrun mi ló gbọ́ tó fi..." Ọ̀gá yíjú sí aṣọ. "Dúró ná. Ta ló sùn?"

Bàbá fa aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Èmi ni," ó wí. Ohùn rẹ̀ ha bí ilẹ̀kùn tó ti pẹ́ tí wọn ò ṣí.

"Bàbá! Ọdún méjì! Ẹ wá jẹ́ kí n lé ọmọ ọlọ́mọ!"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ìyá na ọwọ́ sí Ọ̀gá pé kó dákẹ́. "Bàbá, ṣé ọmọ mi mọ ọ̀rọ̀ ọba ni?"

"Gbogbo ẹ̀, ìyá. Ó ń dùbúlẹ̀, ó ń gbọ́. Ọ̀gá ò mọ ìdajì."

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó fi ìbòrí nu ojú. "Bó ṣe ń ṣe nílé náà nìyẹn. Bí àlejò bá dé tí mo ti gbàgbé orúkọ rẹ̀, òun ló ń yọ́ sọ ọ́ sí mi létí."

Ọ̀gá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó tún yí etí sí ẹ̀yìn aṣọ.

Bàbá ti dìde. Ó gbé ìwé eré lé orí àpótí, ó sọ̀ kalẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, ó kí ìyá, ó sì gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde, èyí tí kò gbà rí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.