Ọta Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Ki

Jẹnẹrétọ̀ ni mo ń tún ṣe jẹun l'Ọ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọta ìbọn ni mo fi ń ṣeré. Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń wo bọ́ọ̀lù, èmi ń ṣa èèpo ọta tí àwọn ọdẹ ti yìn dànù sínú oko kòkó. N ó nù ún, n ó rọ ẹ̀tù mìíràn sí i, n ó tún un dì. Mo tilẹ̀ ní ìwé tí mo ń kọ gbogbo ohun tí mo bá dán wò sí. Ìyàwó mi ní lọ́jọ́ tí mo bá dáná sun ilé, òun ò ní sunkún mi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo gbọ́n ni.

Àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Ajue ni ọdẹ gidi. Ọta ṣọ́ọ̀bù nìkan ló ń lò, kì í fẹ́ rí tèmi sójú. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìbọn sì ń gbá a léjìká. Àánú ṣe mí. Rárá, kí n sọ òótọ́: ẹni tí n ó fi dán nǹkan wò ni mò ń wá. Mo dín ẹ̀tù inú ọta mẹ́ta kù kí ìbọn má baà gbá a mọ́, mo kó wọn sínú páálí ọta tuntun, mo gbé e fún un. N kò sọ fún un pé èmi ni mo dì wọ́n.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, àwọn ọdẹ ibẹ̀ máa ń kóra jọ lé ọ̀yà tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ jáde nínú igbó. Àgbà ọdẹ ló ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan kì í yìnbọn ṣáájú rẹ̀. Bàbá, bí mo ṣe ń pe àbúrò bàbá mi yìí, ti wà ní ipò náà kí wọ́n tó bí mi. Mo bá wọn lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo ti gbé ọta náà fún un. Ọ̀yà ńlá kan já síwájú rẹ̀, ó yìn ín. Ìbọn náà kàn wúkọ́ ni, ẹran sì gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní kí wọ́n bá Bàbá wá àga. Èmi ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí èéfín tó túká, ṣùgbọ́n bàtà mi ni mò ń wò.

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. Ó ní, “Ọma mi, ọwọ́ mi ti gbó. Ugbó ti kọ̀ mí.”

Lọ́sẹ̀ kejì, ó sọ lójú gbogbo ọdẹ pé òun ò yìnbọn mọ́, kí òun má baà ṣèèṣì pa ènìyàn. Ó gbé ìbọn rẹ̀ fún mi, torí pé èmi ni mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìbọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Olè tó ń dọ̀bálẹ̀ gba ẹrù, èmi nìyẹn.

Oṣù mẹ́jọ ni ojú fi ń tì mí. Nígbà tí n kò lè fara dà á mọ́, mo wé ìbọn sínú ẹní, mo gun ọ̀kadà lọ bá a. Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá a, kòkó ló ń fọ́. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo ní n ó sọ fún àwọn tó rẹ́rìn-ín pé ọta mi ló já a kulẹ̀. Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. Ó ní kí n lọ sọ fún wọn, ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba ìbọn. Ó ní láti ọjọ́ náà ni òun ti jókòó sílé, tí òun ń wo ọwọ́ òun.

“Irọ́ ni nígbà yẹn,” ó ní. “Wò ó báyìí.”

Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n.