Mílíìkì Tí Wọ́n Ní Kí Bàbá Tọ́jú

Mo rántí ìgbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà ńlá kan ní Àgídìngbì, tí òórùn páálí àti ti búrẹ́dì àná máa ń bá mi délé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yẹ àwọn pẹpẹ wò láràárọ̀, kí n ṣa tòmátì tó ti ń rọ̀, búrẹ́dì tí kò tà àti agolo tó tẹ̀ sọ́tọ̀. Agolo tó tẹ̀, tí ohun inú rẹ̀ ṣì dára, wọ́n máa ń lẹ bébà pupa mọ́ ọn, wọn a sì tà á ní ẹ̀dínwó fún àwa òṣìṣẹ́. Èyí tí ọjọ́ lílò rẹ̀ bá ti kọjá, dídànù ni. Ohun tí wọ́n sọ fún wa nìyẹn, àmọ́ ẹ̀dá tí kì í tètè gba nǹkan gbọ́ ni mí. Ìyá mi máa ń ní bí wọ́n bá sọ fún mi pé ilẹ̀ ti mọ́, màá kọ́kọ́ ṣí fèrèsé wò.

Gbogbo ìfura yìí kò ràn mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo ra mílíìkì. Mo ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, omi ọyàn mi kò sì tó. Bí mo ṣe rí agolo mílíìkì ọmọdé kan tó tẹ̀ létí, tó ní bébà pupa nídìí, mo gbá a mú kí ẹlòmíràn tó débẹ̀. Ṣe ni inú mi ń dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Kò pẹ́ tí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru. A sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́, torí wọn kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ lẹ́nu abiyamọ. Nígbà tí wọ́n bi mí ìdí tí n kò fi wá, mo ní ọkọ mi ló rán mi níṣẹ́.

Nígbà tí ara ọmọ balẹ̀, mo fi èékánná họ bébà pupa náà kúrò. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n tẹ ọjọ́ sí, ọjọ́ náà sì ti kọjá tipẹ́. Mo padà síbi iṣẹ́, mo yẹ àwọn tó kù lórí pẹpẹ wò, bákan náà ni. Mo gbé ọ̀kan lọ bá ọ̀gá, ọmọ Èkìtì kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. N kò mẹ́nu ba àìsàn ọmọ rárá. Ó ránṣẹ́ pe àgbàlagbà Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ yàrá ẹrù.

“Bàbá, ṣebí mo ní kẹ́ ẹ bá mi tọ́jú àwọn mílíìkì tó ti expire?”

“Mo tọ́jú wọn, sà. Nígbà tẹ́ ẹ ní kí n tọ́jú ìrẹsì, ṣé mo dà á nù ni?”

“Háà! Take care of it ni mo ní lọ́kàn. Kẹ́ ẹ bá mi palẹ̀ ẹ̀ mọ́ ni!”

“Yorùbá lẹ sọ, sà. Yorùbá náà ni mo gbọ́.”

Mo bi wọ́n pé ta ló wá lẹ bébà pupa. Bàbá wo ọ̀gá, ọ̀gá náà wo bàbá. Ọ́fíìsì ọ̀gá ni bébà náà máa ń wà, nítorí náà mo gbà pé ọ̀gá mọ̀ọ́mọ̀ lo ọ̀rọ̀ ‘tọ́jú’ ni, torí ẹni tó bá fẹ́ kí nǹkan dànù, á ní kí wọ́n dà á nù. Bàbá ni wọ́n lé lọ́jọ́ náà.

Mo sin bàbá dé géètì, mo ń bínú nítorí wọn. Wọ́n gbé àpò wọn kọ́ èjìká.

“Ìyá ọmọ, má jẹ́ kó dùn ẹ́. Ara ọmọ ti wá yá báyìí, àbí?”

Mo ní ó ti yá, mo dúpẹ́, wọ́n sì kọjú sọ́nà Agége. Ìgbà tí mo padà wọlé ni ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bù máṣọ. Ká ní wọ́n ní ‘ṣé ara ọmọ le?’ ni, ìkíni lásán nìyẹn. Ta ló sọ fún wọn pé ara ọmọ kò yá tẹ́lẹ̀?

Ọmọ yẹn ti wọ ilé ìwé báyìí, kò sóhun tó ṣe é. Èmi ni nǹkan ṣì ń ṣe. Lọ́jọ́ kan màá dá bàbá náà láre, màá ní wọ́n kàn ka ojú mi ni. Lọ́jọ́ kejì, màá ní bàbá àti ọ̀gá jọ mọ̀ nípa rẹ̀ ni. Kí wọ́n tó lé bàbá, tọkàntọkàn ni mo máa ń kúnlẹ̀ kí àwọn méjèèjì láràárọ̀, títí di òní n kò sì tíì mọ èwo nínú wọn ló fún ọmọ mi ní mílíìkì yẹn.