Epo wo ni wọ́n ní kí n bù sí i?

Màmá mi sunkún òkú mi lónìí, mo sì wà láàyè.

Ẹ̀rọ ìgégi tí mo yá lọ́wọ́ Bọ̀dá Múfú ló bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín níbi tí mo ti ń gé igi máńgòrò. Mo bá pè wọ́n lórí fóònù.

"Ṣéènì ẹ̀ ló gbẹ. Bu epo sí i."

Èmi ọ̀mọ̀ràn bá wọ kíṣìnnì, mo bu epo pupa.

Bí mo ṣe tan ẹ̀rọ báyìí, epo fọ́n sí gbogbo jalabíà funfun tí mo fi kírun Jímọ̀. Màmá mi yọjú.

"Yéè! Ọmọ mi ti gé ara ẹ̀!"

Wọ́n sunkún dì mọ́ mi, wọ́n wá gbóòórùn ọwọ́ wọn. Ẹkún dá.

"Ṣé epo ọbẹ̀ mi nìyí?"

Mo tún pe Bọ̀dá Múfú, wọ́n ní ẹ́ńjìn ọ́ìlì làwọn ń sọ.

Ẹ̀yin ará Ẹdẹ, ta ló jẹ̀bi: èmi ni, àbí ẹni tó sọ gbogbo wọn ní epo?