Èèpo Ànàmọ́ Dádì Mi

Òórùn ànàmọ́ díndín ni ilé wa ní Festac fi máa ń jí ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Igi máńgòrò kan wà lẹ́nu géètì ilé náà. Dádì mi á ti jókòó sórí àpótí lẹ́yìn kíṣìnì, wọ́n á máa fi ọ̀bẹ kékeré kan tí èèkù rẹ̀ ti gbó bẹ ànàmọ́. Èèpo náà kì í já. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ látòkè, á máa ká sílẹ̀ ni títí dé ìsàlẹ̀, màmá mi á sì máa dín in. Látìgbà tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó ń gba ọ̀bẹ yẹn lọ́wọ́ wọn.

Ìgbà tó yá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n. Ọlọ́run bá wa ṣe é, wọ́n dìde, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ò lágbára mọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ wa nípa oúnjẹ wọn ní ká yé fi òróró dín in, ká máa se ànàmọ́ tòun tèèpo, pé inú èèpo rẹ̀ gan-an ni àwọn èròjà tó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ ìbàjẹ́ pọ̀ sí. Háà, èmi ọlọ́gbọ́n! Mo sáré lọ sọ́jà ní Mazamaza, mo ra ànàmọ́ eléèpo pupa rẹpẹtẹ, mo fọ̀ ọ́, mo sè é, mo gbé e síwájú wọn tayọ̀tayọ̀.

Dádì wo àwo náà, wọn ò jẹ. Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ẹ̀rù bà mí gidi, torí wọ́n ti ń rù, wọn ò sì gbọdọ̀ lo oògùn láìjẹun. Mo ṣàlàyé èròjà títí ẹnu fi ń ro mí. "O ṣeun, ọmọ mi," ni wọ́n kàn wí, wọ́n bá kọjú sí fèrèsé.

Màmá mi fà mí wọ kíṣìnì. "Ìwọ àti èròjà ẹ! Ta ló ń bẹ ànàmọ́ nílé yìí?"

"Dádì ni, mà."

"Kí lo wá fi sílẹ̀ fún wọn ṣe?"

Ojú tì mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo ti rò pé èèpo ni wọn ò fẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Sátidé, mo gbé àpótí síta, mo bu omi sínú bàsíà, mo kó ànàmọ́ àti kànìnkànìn tì í, mo wá kúnlẹ̀. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fọ̀ ọ́. Tèèpotèèpo la máa jẹ ẹ́, n ò sì mọ̀ ọ́n fọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "O ò mọ̀ ọ́n fọ̀ lóòótọ́. Mo rí iyẹ̀pẹ̀ lára èyí tó o sè níjọ́sí."

Wọ́n fi ọwọ́ òsì di ànàmọ́ mú, wọ́n wá ń fi ọ̀tún tó ń gbọ̀n ha á. Ó bọ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fẹ́ sáré gbé e, màmá mi di apá mi mú. Dádì fọ̀ ọ́ títí èèpo pupa yẹn fi ń dán. Nígbà tó jinná, wọ́n jẹ odindi méjì, wọ́n ní kí n bù sí i.

Nọ́ọ̀sì ò parọ́ o, oore wà lára èèpo. Àmọ́ títí dòní, bí mo bá ń tọ́jú aláìsàn, mo máa ń kọ́kọ́ wá nǹkan tó máa bá mi ṣe, kí n tó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀.