Kíndìnrín Alápatà

Bí alápatà náà bá la ikùn ẹran, tó ti ọwọ́ bọ inú ọ̀rá ẹ̀yìn rẹ̀, ìka rẹ̀ á ti mọ ibi tí kíndìnrín wà kí ojú rẹ̀ tó débẹ̀. Èyí tó bá dára, á máa dán. Èyí tí kò bá dára, á sọ ọ́ sínú korobá, kò ní bi ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá a sọ nílé ìwòsàn ò fi yé e.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń ṣàìsàn. Kékeré ni gbogbo ilé ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ tirẹ̀ náà ti dàgbà. Aránṣọ ni. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀, débi pé ìdajì ọ̀sẹ̀ ló fi ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ìdajì tó kù ló fi ń dùbúlẹ̀ ti ẹ̀rọ tó ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Ó ní òun ò tiẹ̀ mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ òun mọ́ nínú méjèèjì. Nígbà tí àwọn dókítà sọ pé ọmọ ìyá rẹ̀ lè fún un ní kíndìnrín kan, pé ẹyọ kan tó èèyàn lò, alápatà ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní kí wọ́n wá mú tòun.

Ta ni ì bá tún yọ̀ǹda? Nínú gbogbo ọmọ ìyá wọn, òun ni ara rẹ̀ le jù. Akọ Màlúù ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Á gbé ìdajì ẹran sí èjìká láti inú yàrá yìnyín títí dé orí pátákó, kò ní sinmi lọ́nà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ti Kékeré wò, wọ́n bára mu. Ó wá ku kí wọ́n mọ̀ bóyá kíndìnrín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá rẹ̀ ni àwọn máa fi mọ̀ ọ́n. Alápatà bi í pé báwo ni ẹ̀jẹ̀ apá ṣe máa ròyìn ohun tó wà lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ní àmì ni àwọn ń wá. Ìdọ̀tí kan wà, ó ní, tí iṣan ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́. Kíndìnrín ló ń gbá a dà sínú ìtọ̀. Bó bá pọ̀ jù lẹ́jẹ̀, àwọn á fura pé agbálẹ̀ ò gbálẹ̀ dáadáa. Ó ní irú àmì bẹ́ẹ̀ pọ̀ lára èèyàn: òmíràn ń ròyìn ọkàn, òmíràn ń ròyìn ẹ̀dọ̀, òmíràn sì wà tó ń sọ pé àrùn ti wọlé kí ẹni tó ni ara tó mọ̀. Alápatà mi orí. Kò yé e, ó kàn mi orí ni.

Ohun tó yé e ni pé ìdánwò ni. Ìdánwò, èèyàn a máa múra fún un. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n sì mọ̀ nílé alápatà tí wọ́n fi ń múra fún ohunkóhun. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìkòkò ńlá kaná. Ọ̀gá rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pá, gé itan tó dára jù fún un, ó ní kó lọ fi tún ẹ̀jẹ̀ ṣe. Nọ́ọ̀sì ti sọ pé kó jẹun bó ṣe máa ń jẹun. Ó jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jẹ ẹran lálẹ́, ó jẹ ẹ́ láàárọ̀, ó sì fi ètè tó ń dán lọ na apá sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́.

Èsì jáde. Ìdọ̀tí náà fi díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Dókítà, obìnrin kan tí kì í gbóhùn sókè, ní kó má fòyà, àwọn á tún un yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, àwọn ò ní lè mú kíndìnrín rẹ̀, torí àwọn kì í gbà lọ́wọ́ ẹni tí tirẹ̀ ò tó o.

Alápatà jáde, ó fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ara rẹ̀ lábẹ́ ìhà, bó ṣe máa ń tẹ ti ẹran. Ọwọ́ rẹ̀ ò ba nǹkan kan. Kò dùn ún. Ó ń tọ̀, ó ń sùn, ó ń gbẹ́rù.

Ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kò tíì nípọn tó. Ọ̀pá ní, "Akọ Màlúù, àṣé ewé lásán ló wà nínú ẹ," ó sì gé itan mìíràn fún un. Alápatà jẹ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo ọkàn rẹ̀. Nígbà tí èsì kejì jáde, ìdọ̀tí náà tún ti lé sí i.

Ó lọ sọ́dọ̀ Kékeré níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde nínú ọ̀pá róbà kan, tó ń gba òmíràn wọlé padà. Kékeré ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bọ̀dá mi, bí ẹ ò bá fẹ́ mọ́, ẹ sọ. Mi ò ní bínú."

"Mo fẹ́," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ mi ni kò fẹ́."

Kékeré yí ojú sí ògiri. Alápatà mọ̀ pé kò gbà á gbọ́, òun náà ì bá sì má gbà á gbọ́ bó bá jẹ́ òun ni wọ́n sọ fún.

Nígbà tí dókítà tún pè é, ó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Dókítà ti mú gègé ìkọ̀wé, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ wo èjìká rẹ̀, ó wò ó títí, ó bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ní ẹran lòun ń tà. Dókítà ní kí ló jẹ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

"Ẹran ni, dókítà. Mo jẹ ẹ́ yó dáadáa. Tìtorí yín ni mo ṣe jẹ ẹ́."

Dókítà gbé gègé sílẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé. Ẹran tí a ń sè, iṣan ẹranko ni. Ìdọ̀tí kan náà wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló sì ń bọ́ sí. Iṣan ara alápatà fúnra rẹ̀ tún pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ èèyàn lọ.

"Ó ṣeé ṣe kí agbálẹ̀ yín má ṣọ̀lẹ rárá," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ ń da ìdọ̀tí sí i níwájú."

Ó ní kó jìnnà sí ẹran fún ìgbà díẹ̀, pé àwọn á tún wo àmì mìíràn pẹ̀lú, èyí tí iṣan ò fi bẹ́ẹ̀ kàn.

Àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn ò dẹrùn. Àárọ̀ dalẹ́ lọwọ́ rẹ̀ wà nínú ẹran, ẹ̀wà ló ń lọ jẹ nílé. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó bí ẹni pé wọ́n ń fi ọkọ òun ṣe yẹ̀yẹ́. Òun náà ò dá ara rẹ̀ lójú. Bí ẹran bá ń ba àmì jẹ́, ẹ̀wà ńkọ́? Omi ńkọ́?

Èsì dé. Ìdọ̀tí náà ti wálẹ̀. Àmì kejì dára, ìtọ̀ rẹ̀ mọ́. Dókítà ní kíndìnrín rẹ̀ ṣeé mú.

Alápatà bi í pé èwo ló parọ́ nínú àwọn àmì náà.

"Kò sí èyí tó parọ́," ni dókítà wí. "Àmì kàn ń sọ ohun tó rí ni. Àwa la ò tètè béèrè ibi tó ti rí i."

Alápatà mi orí. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu rẹ̀ síbẹ̀: tí èyí tó burú ò bá jẹ́ ti kíndìnrín, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ti kíndìnrín lèyí tó dára? Ó gbé e mì. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá bi wọ́n, wọ́n lè tún gba ẹ̀jẹ̀.

Kékeré wà lórí àga gígùn níta, ó dìde nígbà tó rí i.

"Wọ́n gbà á," ni alápatà wí.

Kékeré di apá aṣọ rẹ̀ mú. Ó nu ojú. Ó wá bi í pé, "Èwo ni wọ́n máa mú? Tọ̀tún àbí tòsì?"

Alápatà bojú wẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn dókítà ti padé, wọ́n ti pe ẹlòmíràn wọlé.

"Mi ò bi wọ́n," ó ní.

Ó jókòó tì í. Ó fọwọ́ kan ìhà òsì, ó gbé e kúrò, ó fi kan tọ̀tún, ó sì fi sílẹ̀ níbẹ̀ títí tí ilẹ̀kùn fi tún ṣí.