Ohun Tí Ìfura Gbá Dànù

Ìfura ni gbogbo ẹni tó ń wá kọrin ní sítúdíò ẹ̀ ń pè é, òun náà sì ti gbà fún wọn. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa gba ohùn olórin sílẹ̀, kò sì síṣẹ́ tó gbà sílẹ̀ tí kò ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú háàdì, àpótí kékeré tí wọ́n ń kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pamọ́ sí, tó wà ní sítúdíò, ọ̀kan nínú háàdì tó fi sábẹ́ aṣọ nílé. Olè ń bẹ, iná ń bẹ, kọ̀ǹpútà náà ò sì nítìjú; ìgbà tó bá wù ú ló ń kú. Ìyàwó ẹ̀ ní bí ilé bá ń jó, háàdì lọkọ òun máa kọ́kọ́ gbé jáde kó tó rántí òun. Ọkọ ò jiyàn.

Àmọ́ ta ni ò ní àléébù? Kí Ìfura tó ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ kankan, á kọ́kọ́ gbá inú ẹ̀ mọ́. Ikọ́, àṣìkọ, ẹ̀rín, àwàdà tí olórin ń ṣe láàárín orin kan sí èkejì, pàǹtí ni gbogbo ẹ̀ lójú tiẹ̀. Á pa wọ́n rẹ́ kí háàdì má baà tètè kún, á wá fara tì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin wà lára àwọn tó kọrin lọ́dọ̀ ẹ̀. Ohùn ẹ̀ dùn, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ sì dùn ju ohùn lọ. Kò lè kọrin méjì tẹ̀léra kó má sọ ìtàn sáàárín. Ọdún tó tẹ̀lé èyí tó wá kọrin sílẹ̀ ni nǹkan hù sí i lọ́fun. Àwọn dókítà yọ ọ́, àmọ́ ohùn bá a lọ. Ẹ̀mí ló jù, gbogbo ẹbí dúpẹ́. Látìgbà náà, tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, á wá gbé e síwájú ẹni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yọ sí Ìfura ní sítúdíò. Ìfura rò pé orin ló wá gbà. Ó ṣí i, ó gbé àyà síwájú. Ẹ̀gbọ́n mirí. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù pé orin òun wà lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ìtàn tí òun sọ láàárín orin lọ́jọ́ tí òun wá kọrin lòun ń wá, bí ìrọbí ọmọ òun kan ṣoṣo ṣe mú òun lórí ìlà ní báǹkì, tí òun sì lóun ò ní fi ipò òun sílẹ̀ fẹ́nikẹ́ni. Ọmọ náà ti wá lóyún báyìí, ó máa tó bí. Òun fẹ́ kí ọmọọmọ òun gbọ́ bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀, kó má rò pé odi ni wọ́n bí ìyá ìyá ẹ̀.

Ara Ìfura tutù. Kí ló fẹ́ wá? Ohun tí kò sí nínú ẹ̀dà kan, kò lè sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Irọ́ ti dé ẹnu ẹ̀ pé kọ̀ǹpútà ló bà á jẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n dàgbà nìyí, ó gbé irọ́ ọ̀hún mì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbá a dànù. Mo rò pé pàǹtí ni."

Ẹ̀gbọ́n ò wojú ẹ̀. Omi lé ròrò sójú ẹ̀, ó dun Ìfura wọ eegun. Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Ìgbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mú fóònù, ó tẹ̀ ẹ́: "Ìwọ tó o gbọ́ ọ ńkọ́?"

Òótọ́ ni. Ó gbọ́ ọ nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń sọ ọ́, ó tún gbọ́ ọ kó tó pa á rẹ́. Ó tan ẹ̀rọ tó fi ń gba ohùn sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ló lóyún. Ó lẹ́ni mẹ́rin ló kù níwájú; ẹ̀gbọ́n lu tábìlì, ó na ìka méjì. Ó ní akọ̀wé báǹkì ló wá bẹ òun pé kóun kúrò lórí ìlà. Ẹ̀gbọ́n yọ ṣùtì ètè sí i, ó tẹ̀ ẹ́ pé mánéjà ni. Ó tún un ṣe. Ó dé ibi tí aboyún ti dá mánéjà lóhùn pé bí ọmọ bá dé kó tó kan òun, kí ọmọ náà tò sẹ́yìn òun. Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún ò dún. Èémí lásán ni, èjìká ń gbọ̀n, omijé ń dà. Ohùn Ìfura já, ó fi ẹkún parí ìtàn.

Ó nawọ́ kó pa ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ ẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ kejì tẹ fóònù:

"Ohùn ẹ ò dáa rárá. Àmọ́ èmi gan-an nìyẹn. Tún un sọ, kó o má sunkún lọ́tẹ̀ yìí."